Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń mú ìwé ìpè dání
ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Másífà, Ògbómọ̀ṣọ́.
Mo mọ ọmọ tó ń pẹ́. Mo mọ ẹni tó ń parọ́ inú rírun.
N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n fura sí ẹni tó ń tètè dé.

Gbádégẹṣin ló máa ń kọ́kọ́ dé.
Kí n tó gúnlẹ̀ sẹ́nu géètì, ó ti wà nínú ọgbà,
ó ti gbá abẹ́ igi káṣú, ó ti nu pátákó,
ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì tutù lẹ́yìn,
ó ń rùn bí ọṣẹ tí omi kò tó láti ṣàn.

"Ilé ńkọ́?" ni mo máa ń bi í.
"Ilé wà, Sà."
Láràárọ̀ ni: Ilé ńkọ́? Ilé wà.
Bí a ti ń kíra wa nìyẹn. Ta ló ń dúró gbọ́ èsì?

Nígbà tí sáà parí, mo pè é síwájú,
mo fún un ní ìwé àjákọ mẹ́fà àti bírò pupa kan,
ẹ̀bùn ẹni tí kì í pẹ́.
Gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́.
Ó wo àwọn ìwé náà bí ẹni tó ń wo bàtà tí kò bá a lẹ́sẹ̀ mu.
Níbo ni yóò kó wọn sí? N kò bi í.

Súwébátù ló rí i, kì í ṣe èmi.
Ó gbàgbé abọ́ oúnjẹ àbúrò rẹ̀ sí kíláàsì,
ó padà wá mú un nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú,
ó bá bẹ́ńṣì méjì tí a fà mọ́ra,
páálí bísíkíìtì tí a tẹ́ sórí wọn,
àti ìwé mẹ́fà náà, tuntun, láìkọ nǹkan kan sí i,
níbi tí orí yóò wà.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Òjò oṣù kẹrin ló wó ògiri ilé bàbá wọn ní Òkèlérìn.
Ìyá gbé àbíkẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé,
yàrá kan, èèyàn mẹ́jọ.
Gbádégẹṣin ní òun yóò dúró nítorí ìdánwò.
Mọ̀lẹ́bí? Wọ́n wà. Kálukú ní kó lọ bá ẹnì kejì.
Wọ́n ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko.
Ẹni tó toko dé tí kò bá ilé ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, n kò ní kí ẹ sunkún.
Súwébátù kò sunkún. Kò yọ fóònù láti ya àwòrán rẹ̀.
Ó bi í pé, "Ta ni kí n sọ fún? Ta ni kí n má sọ fún?"
Ìgbà tó gbọ́ èsì ló tó wá bá mi.
Ó kó ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ lọ́nà Ìlọrin,
ẹni tó ní yàrá kan tó ń kó àpò káṣú sí.
Baba kọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ó kọ̀ lọ́jọ́ kejì.
Lọ́jọ́ kẹta wọ́n mú ìgbálẹ̀ dání,
wọ́n ní àwọn kò wá bẹ̀bẹ̀ mọ́, ilẹ̀ làwọn wá gbá.
Baba rẹ́rìn-ín. Ó wá kọ́kọ́rọ́ lọ.

Èmi náà kọ lẹ́tà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀.
Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.
Mo ti lọ ní Ajé mẹ́sàn-án. N óò tún lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Gbádégẹṣin pẹ́,
ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko.
Ó ní òun sùn gbàgbé ni.
Mo fi bírò sàmì sí orúkọ rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n fún ayọ̀.
"Ilé ńkọ́?" ni mo bi í.
Mo sì dúró.